Ìlú Olódi Tí Ojú Kò Rí: Ọ̀rọ̀ Nípa Bakitéríà, Irú àti Aró

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Ìsẹ́yìn)

Nígbà tí akọ̀wé Ẹgbẹ́ bi wá léèrè pé orí kí ni a ó sọ̀rọ̀ lé ní oṣù yìí, tí a sì dáhùn pé orí bakitéríà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ àṣà ni àwa jẹ́, àti pé ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní ibùjókòó. A bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù, a sì bẹ ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ kan nínú agbo ilé wa ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó sì kọ ọbẹ̀ tí a gbé ka iwájú rẹ̀. A bi í pé kí ni ó dé. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé irú jẹ́ ohun tí ó ti jẹrà, àti pé kòkòrò ni ó kún inú rẹ̀. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí ìdajì òtítọ́ ni olùkọ́ náà sọ: kòkòrò kún inú irú lóòótọ́. Ìyá tí ó se ọbẹ̀ náà kò rí èsì kankan fọ̀. Ó kàn gbé àwo kúrò nílẹ̀, ojú sì tì í nínú ilé ara rẹ̀. Ìtìjú tí a kò jẹ ní gbèsè náà ni ó ń dùn wá títí di òní, ìdajì òtítọ́ tí olùkọ́ náà kò sọ ni a sì fẹ́ sọ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Kí ni bakitéríà? Ẹ̀dá alààyè ni, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà tí wọn yóò fà kò ní ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ. Gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí ni a fi sẹ́ẹ̀lì kọ́, sẹ́ẹ̀lì sì ni yàrá kékeré tí ẹ̀mí ń gbé. Ara ènìyàn jẹ́ yàrá lórí yàrá, bí agbo ilé ńlá tí a kò lè ka ojúlé rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ara bakitéríà. Nínú yàrá kan náà ni ó ti ń jẹun, tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ti ń bímọ. Àwọn kan rí roboto bí hóró ọkà bàbà, àwọn kan gùn bí ọ̀pá, àwọn kan sì tẹ̀ kọrọdọ bí ìka tí a ká kò. Ti inú irú jẹ́ ti ọlọ́pàá gígùn. Èyí tí ń fa àrùn onígbáméjì jẹ́ ti oníkọrọdọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá wọn.

Ó yẹ kí ìlú ahunṣọ bí Ìsẹ́yìn mọ̀ pé oníṣòwò aṣọ ni ó kọ́kọ́ rí àwọn ẹ̀dá yìí. Antonie van Leeuwenhoek ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Àwọn oníṣòwò aṣọ ayé ìgbà náà a máa fi dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ òwú wò, kí wọ́n lè mọ aṣọ tí ó hun dáradára yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣá. Leeuwenhoek sọ dígí ṣíṣe di iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, títí tí tirẹ̀ fi dára ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 1676 ó rẹ ata sínú omi, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí ata máa ta ni lẹ́nu. Kò rí ìdí títa ata. Ohun tí ó rí ni àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi náà. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí Robert Hooke fi ojú ara rẹ̀ rí i ní 1677. Àwa kò mọ ahunṣọ kan ní ìlú yìí tí ojú rẹ̀ kò mú tó ti ọkùnrin náà. Dígí nìkan ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ẹ̀dá náà lọ, bí àlejò tí ń wọ ìlú àtijọ́. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bá pàdé ni odi. Odi bakitéríà kì í ṣe ti amọ̀. Okùn ṣúgà gígùn-gígùn ni a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì fi ègé kúkúrú-kúkúrú tí ó bá purotéènì tan so wọ́n pọ̀ ní ìdábùú, gẹ́gẹ́ bí òwú gígùn àti òwú ìdábùú ti ń di ara wọn mú lórí òfì. Aṣọ ni a bá máa pè é, aṣọ kan ṣoṣo tí kò ní ojú rírán, tí ó wé gbogbo ara ẹ̀dá náà. Ìwúlò rẹ̀ kò fara sin. Iyọ̀ àti oúnjẹ kún inú ẹ̀dá náà fọ́fọ́, nítorí náà ni omi ìta fi ń fẹ́ wọlé ní ìgbà gbogbo. Bí kò bá sí odi tí ó fún un mọ́ra, yóò wú, yóò sì bẹ́ bí àpò tí a rọ omi sí rékọjá. Ẹni tí ó bá lè ba odi yìí jẹ́ ti pa ìlú náà. A ó rántí èyí nígbà tí a bá dé orí oògùn.

Lẹ́yìn odi ni awọ wà, awọ ọ̀rá tí ó fẹ́lẹ́ gan-an, orí awọ yìí sì ni àwọn oníbodè dúró sí. Àwọn àgbà tí ó tọ́ wa sọ fún wa bí oníbodè ti ń dá aláàárù dúró ní ẹnu odi, tí ó ń wo ẹrù rẹ̀, tí ó sì ń gba owó ibodè kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ibí. Oníbodè kọ̀ọ̀kan mọ ẹrù tirẹ̀: òmíràn ṣúgà ni ó ń mú wọlé, òmíràn iyọ̀, òmíràn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa lé májèlé síta. Orí awọ yìí náà ni agbára ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibi tí a sé odò Ògùn ní Ìkéré mọ̀ pé iná mànàmáná jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a torí rẹ̀ sé odò náà: a ó gbá omi jọ sí ẹ̀yìn ògiri, a ó sì jẹ́ kí ó gba ojú ihò kan ṣàn jáde kí ó lè yí ẹ̀rọ. Bakitéríà ń ṣe ohun kan náà. A máa ti ìda wẹ́wẹ́ háídírójìn sí ìta awọ, a sì máa jẹ́ kí wọ́n gba ojú ihò kan padà wọlé, bí wọ́n sì ti ń wọlé ni wọ́n ń yí ẹ̀rọ kan tí ń rọ agbára jáde fún gbogbo iṣẹ́ ìlú. Ti bakitéríà kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, ìwé ìlànà ara wà nínú yàrá ọ̀tọ̀, bí ọba ti ń gbé inú ààfin. Bakitéríà kò ní ààfin. Gbangba àárín agbo ni ìwé ìlànà rẹ̀ wà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní DNA, ó sì ká roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí kò ní ojú ìdè. Àmì tí a fi kọ ti bakitéríà inú irú lé ní mílíọ̀nù 4. Bí a bá nà án tán, gígùn rẹ̀ yóò ju mìlímítà 1 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹ̀dá tí ó gbé e kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ tí ń gbé ìtàn ọba lé orí láìsí ìwé nìkan ni a rí fi wé e. Yí i ká ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké wà tí a ń pè ní ráíbósóòmù. Ahunṣọ ìlú náà ni wọ́n, wọn a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ arọ́kin wá, wọn a sì máa hun purotéènì ní oríṣìíríṣìí bátànì. Àwọn bakitéríà mìíràn sì tún ní ìrù tín-ín-rín tí ń yí bí òkòtó, òun ni wọ́n fi ń wẹ̀ nínú omi lọ sí ibi tí oúnjẹ gbé wà.

Nípa bíbímọ, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Yóò ṣe ẹ̀dà ìwé ìlànà rẹ̀, yóò mọ ògiri sí agbede-méjì ara rẹ̀, ọ̀kan yóò sì di méjì. Bí ibẹ̀ bá móoru tí oúnjẹ sì wà, àwọn mìíràn ń ṣe èyí ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ ṣe é wò: ọ̀kan tí ó bá wọ inú ìkòkò ní agogo 8 alẹ́, ìran rẹ̀ lè lé ní bílíọ̀nù 1 nígbà tí ó bá fi di agogo 6 òwúrọ̀, bí oúnjẹ kò bá tán.

Bí aṣọ ti ní ọwọ́ nínú rírí wọn, aró ni a fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn. Ní 1884 oníṣègùn ará Dẹ́nímáàkì kan, Hans Christian Gram, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bẹ̀líìnì, rẹ bakitéríà ní aró elésè-àlùkò, ó fi áyódíìnì de aró náà, lẹ́yìn náà ó fi ọtí líle fọ̀ wọ́n. Àwọn kan di aró mú pinpin, àwọn kan sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọtí. Nígbà tí ó yá ni a wá mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí ó di aró mú ni odi wọn nípọn, tí ó jẹ́ aṣọ ìlọ́po púpọ̀. Àwọn tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní odi fẹ́lẹ́, wọ́n sì tún da awọ mìíràn bo odi náà ní òde. Ti inú irú wà nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ti onígbáméjì sì wà nínú àwọn ti èkejì. Títí di òní olónìí, nígbà tí dókítà bá ní kí a lọ yẹ itọ̀ tàbí ọyún wò, rírẹ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe. Aláró kankan ní ìlú yìí ìbá ti sọ fún Gram pé òwú kò rí bákan náà, àti pé a kì í mọ òwú tí ó gba aró títí a ó fi fọ̀ ọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ààrò ìyá tí ojú tì.

Ẹ̀yin mọ bí a ti ń ṣe irú. A ó se wóró irúgbá láti alẹ́ di òwúrọ̀, nítorí èpo rẹ̀ le. A ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èpo lè bọ́. A ó ṣàn án nínú omi. A ó tún gbé e kaná. Lẹ́yìn èyí a ó dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí, a ó fi aṣọ tàbí àpò bò ó mọ́lẹ̀ kí ooru má bàa jáde, a ó sì fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí a wà ní kékeré, a ṣí igbá irú ìyá wa àgbà wò ní ọjọ́ kejì, a sì jẹ ìgbátí tí a kò gbàgbé. Ó ní ẹni tí ń sùn ni a jí. Àwa rò nígbà náà pé ìtàn ni ó ń pa fún wa.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé bi ni èyí: bí a bá ti se nǹkan ní òru mọ́jú, ṣé kì í ṣe pé gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ti kú ni? Níbo ni èyí tí ó ṣe irú ti wá? Èsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìyanu tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀dá bakitéríà. Ferdinand Cohn ará Jámánì, ẹni tí ó sọ bakitéríà yìí ní Bacillus subtilis ní 1872, ni ó fi hóró rẹ̀ yé ayé. Nígbà tí oúnjẹ bá tán tàbí tí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ̀dá náà a máa kó ìwé ìlànà rẹ̀ sí ibi kan nínú ara rẹ̀, a fi èpo líle wé e léraléra, a sì fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ara tí ó kù a bẹ́ dànù, hóró yìí nìkan ni yóò sì kù, tí kì í jẹun, tí kì í mí, tí omi gbígbóná sì lè má rí pa. Inú erùpẹ̀ ni ó wà, ara ewé ni ó wà, ara igbá tí a ti fi ṣe irú rí ni ó wà. Nígbà tí a bá se wóró irúgbá, àwọn kòkòrò mìíràn a kú, hóró yìí a sì ye. Ooru náà gan-an a sì máa ta á jí. Ìyá wa àgbà kò pa ìtàn.

Bí ó bá ti jí, oúnjẹ yí i ká, ṣùgbọ́n purotéènì inú wóró náà tóbi ju ẹnu ibodè rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó fi ń ju ọ̀bẹ síta. Ọ̀bẹ náà ni ẹ́nsáìmù, èyí tí ń gé purotéènì wẹ́wẹ́ ní ìta odi kí ó tó lè wọlé. Púpọ̀ nínú ohun tí ó gé sílẹ̀ ni àwa ń jẹ. Òórùn irú tí ó gún imú ni amóníà, ó jẹ́ ìdọ̀tí iṣẹ́ yìí, òun náà sì ń mú kí inú igbá náà rí bí omi eérú, tí ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn kò fi lè bá a gbé ibẹ̀. Yíyọ̀ tí irú tuntun ń yọ̀, tí ó ń fà bí ilá, okùn kan ni tí bakitéríà náà fi ásíìdì glutamic ran. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, tí ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú jáde láti 1981. Àwọn ará Jàpáánì ń fi ẹ̀dá kan náà ṣe nattō láti inú ẹ̀wà sóyà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní gbangba láìsí ìtìjú.

Ásíìdì glutamic tí a dá yìí mú wa rántí ohun kan. Òun ni ọ̀mọ̀wé Kikunae Ikeda rí fà yọ nínú koríko òkun ní Jàpáánì ní 1908, tí ó sì mọ̀ pé òun ni ó ń fún oúnjẹ ní adùn. Òun ni ó wà nínú àwọn nǹkan amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin tí ó ti lé irú kúrò nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é, kí ni wọ́n sì fi ń ṣe é? Bakitéríà ni, nínú ìkòkò irin gìrìwò. Ọmọ tí ó kọ irú nítorí kòkòrò, tí ó sì ń jẹ ti inú bébà, kòkòrò ni ó fi pààrọ̀ kòkòrò. Kí olùkọ́ rẹ̀ sọ èyí náà fún un.

Lórí ògì, a kò ní sọ púpọ̀, nítorí ilẹ̀ ń ṣú. Bakitéríà inú rẹ̀ jẹ́ ẹbí mìíràn, tí ń sọ ṣúgà àgbàdo di kíkan, kíkan náà sì ni ó ń lé àwọn ọ̀tá sẹ́yìn. Nínú láfún tí Òkè-Ògùn ń jẹ lójoojúmọ́, àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ń mú kí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi rọ̀, wọ́n sì ń bá wa yọ èyí tí ó pọ̀ nínú májèlé sáyánáìdì tí ẹ̀gẹ́ ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kánjú tà, tí ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan péré dípò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ni ó ń tà.

Ti aró ni ó jẹ́ ògo ìlú yìí. Ètù dúdú tí a ń hun, tí àwọn olóyè ń wọ̀, inú ìkòkò aró ni dúdú rẹ̀ ti wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, láti inú ewé èlú tí a gún, tí a ṣù, tí a sá, tí a sì rẹ sínú omi eérú. Ohun tí ń mú ara aró dúdú kì í yọ́ nínú omi. Bí kò bá sì yọ́, kò lè wọ inú òwú. Nígbà tí a bá dé ìkòkò náà fún ọjọ́ bí i mélòó kan, àwọn bakitéríà tí ó lè fara da omi eérú a fa ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, wọn a sì yí àwọ̀ náà padà di ohun tí ń yọ́. Ìdí nìyí tí òwú fi ń jáde nínú aró ní àwọ̀ tí ó jọ ti ewé tútù, tí afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ sí i, tí yóò di dúdú ní ojú yín. Aláró a máa tọ́ omi náà wò lẹ́nu, a gbóòórùn rẹ̀, a wo ìfóòfó orí rẹ̀, a sì mọ̀ bóyá ó ti tó rẹ tàbí kò tó. Wọn a máa ké pe Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí òkè rẹ̀ wà ní Ìgbẹ́tì. Lónìí, púpọ̀ nínú òwú tí a fi ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ti gba àwọ̀ wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde nínú Ẹgbẹ́ yìí kí ó sọ pé àwọn ìyá wa mọ bakitéríà. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ìwà rẹ̀: ooru tí ó fẹ́, ìgbà tí ó ń sùn, ohun tí ó ń jẹ. Ìmọ̀ ni èyí, kò sì kéré, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Nígbà tí onígbáméjì wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1970, ìmọ̀ inú ìkòkò irú kò lè gba ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà fi orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀, igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Oníkọrọdọ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ni. Ó ní ìrù kan ṣoṣo tí ó fi ń wẹ̀ dé ara ògiri ìfun, níbẹ̀ ni yóò sì gbé tu májèlé kan tí ń mú kí ìfun máa tú omi àti iyọ̀ ara dànù láìdúró. Ní 1991 ó pa ènìyàn tí ó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi mímọ́, ilé ìyàgbẹ́, àti iyọ̀ pẹ̀lú ṣúgà tí a pò sínú omi bí ó ti yẹ, lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn là.

Orí oògùn ni a fẹ́ fi gun ẹ̀yin olóyè lára, ẹ fi orí jì wá. A ti sọ pé ẹni tí ó ba odi jẹ́ ti pa ìlú. Pẹnisílìn, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní 1928, kò ṣe ohun mìíràn: ó ń di àwọn mọlémọlé tí ń so okùn odi pọ̀ lọ́wọ́, títí omi yóò fi bẹ́ ẹ̀dá náà. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní irú odi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí oògùn náà fi ń pa ọ̀tá láìpa onílé. Àwọn oògùn mìíràn, bí tẹtrasáíkílì, ń dá àwọn ahunṣọ inú rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú bílíọ̀nù ẹ̀dá, a kì í ṣàìrí ọ̀kan tí àṣìṣe díẹ̀ wọ inú ìwé ìlànà rẹ̀, tí àṣìṣe náà sì gbà á. Òmíràn ní oníbodè tí ń lé oògùn síta, òmíràn ní ọ̀bẹ tí ń gé pẹnisílìn sí méjì; a ti mọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ láti 1940, kí oògùn náà tó tàn kálẹ̀ rárá. Èyí tí ó burú jù ni pé bakitéríà ní ìwé kékeré mìíràn, òrùka DNA tí a ń pè ní plasmid, tí ó lè na ọwọ́ kan síta, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, ìbá à jẹ́ ti ẹbí mìíràn. Ọgbọ́n tí ọ̀kan kọ́ nínú ìfun ọmọ kan ní ọ̀sán yìí lè di ọgbọ́n gbogbo àdúgbò. Fleming fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 1945, nígbà tí ó ń gba ẹ̀bùn Nobel, pé ẹni tí ó lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó yóò sọ kòkòrò rẹ̀ di akíkanjú.

Ẹ wá wo ọjà wa. Kápúsù méjì fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹyọ kan fún ọgbẹ́, a tú u dà sí ojú egbò, a ta á lórí àtẹ nínú oòrùn lẹ́bàá ata. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ní ọjọ́ kejì a tọ́jú èyí tí ó kù fún ọmọ. Nínú ilé tiwa pàápàá a ti ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní purọ́. Àwọn tí ó ṣírò rẹ̀ sọ pé ní 2019 nìkan, bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ ni ó pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ní ayé, àti pé ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ó ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n. Òfin ìjọba wà lórí oògùn títà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin olóyè ni ẹ mọ orúkọ ẹni tí ó ní àtẹ kọ̀ọ̀kan. A bẹ̀ yín kí ẹ pè wọ́n jókòó, kì í ṣe láti lé wọn, bí kò ṣe láti jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

A sì bẹ̀ yín nítorí irúgbá. Ẹ mọ bí èédú ti ń kó igi Òkè-Ògùn lọ sínú ọkọ̀ àjàgbé lójoojúmọ́. Igi irúgbá kì í yára so, ẹni tí ó gbìn ín lè ṣe ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí ó tó ká nǹkan níbẹ̀, ẹni tí ó gé e sì ń rí owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí àwọn baálẹ̀ abúlé bá lè fi àmì sí èyí tí ó kù ní oko wọn, kí wọ́n sì sọ pé àáké kò gbọdọ̀ kàn án, iṣẹ́ náà kò ju agbára wọn lọ.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a ó yá awò kan ní ilé ẹ̀kọ́, a ó sì gbé e wá síhìn-ín. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti gbà láti bu irú ọjọ́ kẹta wá nínú igbá, ó sì ti bá wa bẹ arúgbó aláró kan tí ó ṣì ń fi èlú ṣiṣẹ́ kí ó fún wa ní omi aró díẹ̀. Ọmọ náà yóò wà níbẹ̀. Òun ni a ó jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn rẹ̀ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yin olóyè. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó tètè dé, nítorí awò kan ṣoṣo ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni a ó sì fi wò ó.